Agolo Tó Mọ Ìdérí Tirẹ̀

Tí o bá mu mílíìkì tán níwájú obìnrin yìí, á ti na ọwọ́ gba agolo rẹ̀ kí o tó nu ẹnu. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Ìyá Alágolo. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì dá mi lóhùn pé orúkọ náà sàn ju ti ẹni tó ń gbóòórùn ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ lọ. Bàtà ni mo ń tún ṣe. Ògiri pákó kan ṣoṣo ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù tiwa méjèèjì. Bí ẹnì kan bá sín ní ìhà ọ̀hún, ẹnì kejì á kí i pẹ̀lẹ́ ní ìhà ìhín.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni àṣekágbá aṣọ. Àwọn télọ̀ á rán aṣọ tán, wọ́n á gbé e wá fún un kó bá wọn fi bọ́tìnnì sí i, kó to ìlẹ̀kẹ̀ sí i láyà, kó fi ríbọ́ọ̀nù yí i létí. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ tí iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń lò pọ̀ ju irun orí lọ, ṣọ́ọ̀bù náà ò sì tóbi ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí kí orúnkún wọn má gbá ara wọn. Síbẹ̀, n kò gbọ́ ọ rí kó ní òun ń wá nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe tò ó. Ó kan àwọn agolo mílíìkì mọ́ pákó lára ògiri, ó kọ ẹnu wọn síta, òwú ìránṣọ ló wà nínú wọn. Ó fi ìṣó lu ìdérí àwọn ìgò kọfí, ó wá fa ẹnu òwú wúlù jáde látojú ihò náà kí wọ́n má baà lọ́ mọ́ra. Páálí ẹyin ló ń kó bọ́tìnnì sí, ihò kan fún irú kan. Ó fi gọ́ọ̀mù lẹ páálí ìṣáná mọ́ra wọn títí wọ́n fi di dúrọ́ọ̀ kéékèèké, ó sì rán bọ́tìnnì kan mọ́ iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan láti máa fi fà á. Ríbọ́ọ̀nù wà ní wíwé mọ́ páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù. Sípù ń fì lórí waya ìkọ́ṣọ. Abẹ́rẹ́ gún ní ìdúró sára ọṣẹ gbígbẹ. Àwọn páálí bàtà tó ń gbà lọ́wọ́ mi, ó fi páálí pẹlẹbẹ dá inú wọn sí yàrá-yàrá, léèsì àti rọ́bà sì ní yàrá tiwọn, bí ayálégbé.

Ìlẹ̀kẹ̀ ló wà nípò ọlá. Agolo àtíkè tó rí gọ̀gọ̀rọ̀ ni ti funfun. Agolo tíì, tí a gbọ́dọ̀ fi ṣíbí gbé ìdérí rẹ̀ sókè kó tó ṣí, ni ti aláwọ̀ wúrà. Pupa wà nínú agolo suwíìtì onígun mẹ́rin, dúdú sì wà nínú agolo ìpara pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yí lẹ́nu. Kò sí ìdérí tó lè bá agolo ẹlòmíràn mu nínú wọn. Mo ti pè é ní ahun nítorí wọn, mo ti pè é ní akólẹ̀ mọ́lé, ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Ọ̀rọ̀ ahun kọ́. Ojú rẹ̀ ló ń lọ.

Dókítà ojú ti sọ fún un tipẹ́ pé àìsàn náà kì í dunni, kì í pọ́nni lójú, díẹ̀díẹ̀ ló ń jí ìríran kó. Èyí tó bá ti mú lọ, ó ti lọ nìyẹn. Oògùn tí wọ́n ń kán sí i wulẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra ṣe ni. Ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Alágolo bí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí dókítà sọ ọ́. Àfínjú là ń pe ọmọ náà, nítorí kò lè rí aṣọ tó wà nílẹ̀ kó má ká a. Ilé ìtajà ńlá kan tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ilé ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń to ọjà wọn sórí pẹpẹ. Ọmọ dáadáa ni, kí ẹnikẹ́ni má ka ìtàn yìí kó rò pé mo ń bú u. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní, “Màámi, ọjọ́ tí ojú yín bá ṣú pátápátá, ọ̀dọ̀ mi lẹ ń bọ̀. Mi ò ní gbà kẹ́ ẹ máa dá gbé, mi ò sì ní gbà kẹ́ ẹ máa fi abẹ́rẹ́ gún ara yín níka.”

Ọ̀rọ̀ tó jáde látinú ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n bí ìdájọ́ ni ìyá rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ìgbàkígbà tí Àfínjú bá béèrè, èsì kan náà ni: “Ojú mi? Ó wà bó ṣe wà. Ọlọ́run ń ṣe é.”

Ọjọ́ tí èmi fi mọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan wá já ìrẹsì sí ìsọ̀ tó kọjú sí wa, ó sì dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù náà ṣókùnkùn biribiri. Mo yọjú sí i, mo ní, “Ìyá Alágolo, ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi kí dẹ́rẹ́bà òpònú yìí tó lọ. Báwo lẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú òkùnkùn yìí?” Ó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lọ ní tirẹ̀, wéréwéré. Ó ní, “Òkùnkùn wo?”

Ó gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

“Oníbàtà,” ó ní, “tó o bá sọ fún ọmọ mi, mi ò ní dárí jì ọ́.”

“Ṣé ẹ ò rí nǹkan kan mọ́ rárá ni?”

“Mo ń rí ibi tí ojú fèrèsé wà, tí oòrùn bá mú. Ìyẹn náà ò ní pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà. Agolo ni ojú mi. Tí mo bá ti mú agolo àtíkè, funfun ló wà nínú ẹ̀, kí ni mo tún ń fi ojú wá?” Ó fi ìka lu agolo kan. “Tí wọ́n bá mú mi lọ sílé ọmọ mi, kí ni n ó máa ṣe níbẹ̀? Kí n máa jókòó kí wọ́n máa gbé oúnjẹ wá, kí wọ́n máa gbé àwo lọ? Ọjọ́ tí mo bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ni mo kú. Ìyókù, wọ́n kàn ń pẹ́ kí wọ́n tó sin mí ni.”

Mo ṣèlérí fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti yé fi agolo rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Ó sì ń ṣiṣẹ́ lọ, kò sẹ́ni tó fura, àwọn télọ̀ tilẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ rẹ̀ ń dán sí i.

Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ràn ẹni ló ń bá ni tún ilé ẹni ṣe. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí ṣọ́ọ̀bù àwa méjèèjì wà ní títì, Àfínjú mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ lọ bá a gbá ibẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, òun àti ìyá rẹ̀ jọ dé. Mo ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó di ìyá rẹ̀ léjìká mú, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu.

“Ẹ wò ó, Màámi! Ẹ wò ó!”

Mo bá wọn wò ó. Ohun tó lẹ́wà ni, mi ò ní purọ́. Ó ti kun ògiri. Ó ti kan pẹpẹ tuntun mọ́ ọn. Lórí pẹpẹ náà ni ike tó mọ́ gaara tò sí, láti òkè délẹ̀, gbogbo wọn dọ́gba, gbogbo wọn rí bákan náà, gbogbo wọn ní ìdérí funfun kan náà. Ó fi ìwé lẹ̀ wọ́n níwájú, ó kọ ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i gàdàgbà-gàdàgbà. Èèyàn tó bá ní ojú lè dúró lójú pópó kó mọ ibi tí bọ́tìnnì dúdú wà.

Ìyá Alágolo dúró. Ó kọjú sí igun tí kò sí nǹkan kan, ó ń mi orí. “Ó dára,” ó ní. “Ó dára gan-an, ọmọ mi.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Àwọn agolo mi ńkọ́?”

“Àwọn agolo dídógùn-ún yẹn? Ọkọ̀ akólẹ̀ ti gbé wọn lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ ti fi agolo jìyà tó, Màámi.”

Télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, obìnrin olóhùn gooro kan tó máa ń gbé iṣẹ́ fún un ju gbogbo àwọn yòókù lọ, wá yọjú. Ó ní ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jọ ṣọ́ọ̀bù èèyàn. Àwọn tó ń kọjá náà ń dúró wòran. Ìyá Alágolo sì ń dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ọmọ rẹ̀ fi lọ síbi iṣẹ́. Ẹ sọ fún mi, kí ló fẹ́ ṣe? Tó bá ní òun ò fẹ́ ẹ, wọ́n á béèrè ìdí.

Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, mo wọlé tọ̀ ọ́. Ó ti ṣí ike kan, ó ń fi ìka wá inú rẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni. Ó ṣí òmíràn, ìlẹ̀kẹ̀ náà ni. Ìwọ̀n kan náà ni ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ nìkan ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó gbé ọ̀kan sí imú bíi pé àwọ̀ ní òórùn. Ìgbà náà ló bú sẹ́kún, obìnrin tí n kò rí ẹkún rẹ̀ rí láti ìgbà tí a ti jọ ń lo ògiri kan.

“Ẹ jẹ́ kí n lọ kó agolo mìíràn jọ fún yín,” mo ní.

“Tí Àfínjú bá dé tó bá agolo, kí ni n ó sọ pé mo fi ike ẹ̀ ṣe? Ọmọ tó fi ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ kan pẹpẹ?”

A ronú títí. Níkẹyìn, mo mú ọ̀bẹ tí mo fi ń gé awọ, mo gé àmì sí etí àwọn ìdérí ike náà. Àmì kan fún funfun. Àmì méjì fún aláwọ̀ wúrà. Mẹ́ta fún pupa, dúdú ní ti ara rẹ̀ wà láìlámì. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́tìnnì, mo ṣe é fún òwú. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n á sọ pé ara ike gan-an ló yẹ kí n gé e sí. Ẹ ṣeun, ọlọ́gbọ́n ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ike náà gbẹgẹ́, bí ọ̀bẹ bá ti kàn án ló ń sán. Ìdérí nìkan ló rọ̀.

Ó kọ́ àmì náà láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo gbọ́ tó ń kọrin lábẹ́ ohùn, mo sì rò pé bóyá Ọlọ́run ò tíì kẹ̀yìn sí wa.

Àfínjú ló kíyè sí ìdérí náà nígbà tó wá kí ìyá rẹ̀. “Màámi, kí ló gé àwọn nǹkan yìí jẹ báyìí?”

Ìyá rẹ̀ ò ronú kó tó fèsì. “Eku ni,” ó ní. “Àwọn eku àdúgbò yìí, wọn ò lójú àánú.”

A jọ fi eku rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ fi kún un pé wọ́n ti jẹ bàtà oníbàárà mi kan. Kòtò ara wa là ń gbẹ́, a ò mọ̀. Ẹni tó mọ ọmọ yẹn yẹ kó mọ̀ pé tó bá ti gbọ́ pé eku fẹnu kan nǹkan, kò ní sùn. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kó tó lọ síbi iṣẹ́, kí èmi tàbí ìyá rẹ̀ tó dé, ó ti fi kọ́kọ́rọ́ kan tó ti lọ gé fún ara rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ṣí gbogbo ìdérí, ó kó wọn sínú bàsíà kan, ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ wọ́n, ó nù wọ́n gbẹ. Ó sì dá ìdérí padà sórí ike, èyí tó bá ti wá sọ́wọ́, torí pé gbogbo wọn ló bá gbogbo wọn mu. Lójú ẹni tó ń ríran, kí ni ìdérí ń sọ? Ìwé wà níwájú ike. Ó tilẹ̀kùn, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ náà gan-an ni Télọ̀ gbé aṣọ ìgbéyàwó kan wá. Aṣọ funfun báláú, tó fẹ̀ bí ìbòrí ibùsùn. Ó fẹ́ òdòdó funfun láyà rẹ̀, kí ewé òdòdó náà jẹ́ àwọ̀ wúrà. Ó ní ìyàwó ń bọ̀ wá gbà á nírọ̀lẹ́. Ìyá Alágolo jókòó tì í. Mo wà ní ìhà tèmi, mo ń lu ìṣó mọ́ gìgísẹ̀ bàtà, mo ń gbọ́ orin rẹ̀. Orin gidi ni, kì í ṣe ti abẹ́ ohùn. N kò yọjú, mi ò fẹ́ dí i lọ́wọ́.

Ariwo Télọ̀ ló gbé mi dìde.

“Ìyá Alágolo! Kí lẹ fi mí ṣe yìí? Aṣọ ìyàwó lẹ sọ di aṣọ ọ̀fọ̀!”

Nígbà tí mo máa fi wọlé, aṣọ náà ti wà ní títẹ́ sórí tábìlì. Òdòdó dúdú ló wà níbẹ̀, ewé rẹ̀ sì pupa bí ẹ̀jẹ̀. Iṣẹ́ náà gún régé. Kò sí ìlẹ̀kẹ̀ kan tó yẹ̀ lórí ìlà, kò sí ewé tó tóbi ju èkejì lọ. N kò rí iṣẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

“Ṣé ìlà ẹ̀ ò tọ́ ni?” Ìyá Alágolo béèrè. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀.

“Ìlà kẹ̀? Ṣé ẹ ò ríran ni?”

Àfínjú ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà náà, ó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó wo aṣọ náà. Ó wo ìyá rẹ̀. Ó rọra mú ìlẹ̀kẹ̀ pupa kan lórí tábìlì, ó fi í sí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀.

“Màámi, àwọ̀ wo lèyí?”

Ìyá Alágolo fi ìka yí i. Ó kọjú sí ibi tí mo dúró sí, bíi pé ó ń retí kí n fi ikọ́ ta á lólobó.

“Àwọ̀ wúrà ni,” ó ní.

Télọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Èmi ni mo wá sọ ọ̀rọ̀ àmì tó wà létí ìdérí. Àfínjú mú ìdérí kan, ó fi àtàǹpàkò wá etí rẹ̀, ó bá àmì náà. Mo rí i bí ọ̀rọ̀ eku ṣe yé e. Ó kúnlẹ̀ sáàárín ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

“Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?”

“Kó o lè mú mi lọ?”

“Mo fẹ́ tọ́jú yín ni, Màámi.”

“Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ni mi ò fẹ́.”

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Àfínjú bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tó máa ṣe lórí ahọ́n. Ó máa wá agolo. Ó máa lọ bá àwọn akólẹ̀. Ó máa ra mílíìkì, ó máa da mílíìkì nù, ó máa to gbogbo rẹ̀ padà bó ṣe wà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Ìgbà tí mo lójú ni mo to èyí tó lọ,” ó ní. “Ọwọ́ ara mi ni mo fi bu funfun sínú agolo, mo rí i pé funfun ni, ó dá mi lójú. Èyí tí o máa tò yìí, tí mo bá ti fọwọ́ kàn án, ẹ̀rù á máa bà mí. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ta ló sì tún máa gbé aṣọ wá?”

Télọ̀ ń wo ilẹ̀. Obìnrin náà kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n òun náà ní oníbàárà, gbogbo wa sì mọ̀ pé kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ yìí á ti dé etí gbogbo télọ̀ àdúgbò. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

“Ẹ jẹ́ kí n máa gbé aṣọ náà lọ,” Télọ̀ ní, ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀. “N ó wá ẹni tó máa tú u.”

“Jókòó,” Ìyá Alágolo wí. “Títú ò gba ojú.”

Ó fa aṣọ náà sórí itan. Ó mú abẹ kékeré rẹ̀, ó fi ìka wá ìdí ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì já òwú rẹ̀. Bó ṣe tò wọ́n náà ló ṣe ń tú wọn, látorí ewé lọ sórí òdòdó, láìyára, láìdúró. Ọmọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa àwọn ìlẹ̀kẹ̀ tó ń já bọ́, ó ń ya pupa kúrò lára dúdú, ó sì ń sunkún. Èmi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Mo sọ fún àwọn tó fẹ́ wòran pé kí wọ́n máa lọ.

Nígbà tó tú u tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu àyà aṣọ náà látòkè dé ìsàlẹ̀. Kò ya níbì kankan. Ó nà án sí Télọ̀.

“Ó ti mọ́,” ó ní. “Gbé e fún ẹlòmíràn.”

Lẹ́yìn náà ó dìde, ó sì na ọwọ́ síwájú títí ọmọ rẹ̀ fi dì í mú.

“Ó yá,” ó ní. “Máa mú mi lọ.”